Ohun Tí Ọmọdé Gbé Mì

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Wọ̀bìà ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà bá wí, ẹni tí kò lè rí ẹran lórí àwo kí ó mú ojú kúrò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ní yàrá tí a ti ń gba àwọn ọmọdé aláìsàn ní èyíkéyìí nínú àwọn ilé ìwòsàn Òkè-Ògùn, yóò rí i pé òwe náà ní ìtumọ̀ mìíràn tí wọ̀bìà kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀ rárá. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kì í ṣe wọ̀bìà. Ohun tí ó bá bá pàdé nílẹ̀ ni ó ń fi ẹnu tọ́ wò, nítorí pé ẹnu ni ó fi ń kọ́ bí ayé ti rí kí ó tó mọ ìwé. Owó ẹyọ, ìlẹ̀kẹ̀, ọmọ ayò, kóró àgbálùmọ̀, pín-ìnnì, ẹ̀pà, bọ́tìnnì ẹ̀wù, àti ní ayé òde òní, òkúta bátìrì pẹlẹbẹ inú ohun ìṣeré. Ìwọ̀nyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, a sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òṣèlú kí ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá pẹ̀lú èrò pé ọ̀rọ̀ àwọn abiyamọ nìkan ni.

Kì í ṣe àgbọ́sọ ni a ń sọ. Nínú agbo ilé tiwa, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, gbé owó ẹyọ 50 kọ́bọ̀ mì. Kí a tó pajú pẹ́, ilé ti dàrú. Ẹnìkan gbá ọmọ náà mú ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn àpò àgbàdo. Ìyá àgbà sáré gbé ìgò epo pupa. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n ka òkèlè ẹ̀bà ńlá fún un kí ó lè ti owó náà lọ sísàlẹ̀. Àwa tí a gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, tí a sì ti kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn ní ìmọ̀ ìlera rí, dúró bí igi, a kò mọ èyí tí a ó ṣe. Nígbà tí a gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn kan tí a kò ní í dárúkọ, a bá ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó dáadáa. Ẹni tí í máa lò ó ti lọ sí ilé, iná ìjọba kò sí, wọ́n kò sì ní epo nínú ẹ̀rọ amúnáwá. Wọ́n ní kí a máa lọ sí ìlú mìíràn.

Ní ọjọ́ kẹta, owó náà bá ìgbẹ́ jáde. Ayọ̀ sọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ epo pupa. Kí a sọ òtítọ́, epo náà kò ṣe ohun kan. Bí ohun tí ọmọ gbé mì bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé inú ikùn, tí kò sì mú, tí kò gùn, nínú ọmọ 10, ti 8 tàbí 9 ni yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án. A bá ti kí epo kú iṣẹ́ ọjọ́ náà bí kì í bá ṣe pé a ti rí ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ń sunkún tí a ń rọ epo sí lẹ́nu ní tipátipá lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, epo tí ó bá sì wọ ẹ̀dọ̀fóró kò rọrùn láti yọ. Mímú ọmọ bì kò sàn ju èyí lọ, nítorí pé ohun tí ó ti lọ sí ibi oúnjẹ lè padà wá kí ó sì ṣìnà gba ibi èémí. Òkèlè ẹ̀bà ńkọ́? Bí ohun tí ó há bá mú, ńṣe ni òkèlè yóò tì í wọ inú ẹran.

Ibi mẹ́ta ni ọ̀nà oúnjẹ ti há nínú ara ènìyàn. Èkíní ni òkè pátápátá, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò. Èkejì wà láàárín àyà, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ti inú ọkàn jáde gbé tẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹnu ọ̀nà ikùn. Òkè pátápátá yìí ni owó ẹyọ sábà máa ń há sí nínú ọmọdé. Ọmọ tí ó há sí lè máa da itọ́ lẹ́nu, kí ó kọ oúnjẹ, kí ó máa bì, tàbí kí ó máa fi ọwọ́ di ọrùn mú. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe ohun kan rárá. Wọn yóò máa ṣeré, wọn yóò sì máa rẹ́rìn-ín, bí kò bá sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ tó o nígbà tí ọmọ gbé ohun náà sẹ́nu, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, yóò máa jẹ ara lọ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi lu ọ̀nà oúnjẹ já sí ọ̀nà èémí.

Àwọn tí ó ti dàgbà nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò rántí ẹ́ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ ayé òyìnbó, tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Okùn ni a máa ń fi sín wọn kọ́ sára ògiri, ọmọ kò sì rọrùn láti rí ẹyọ kan mú níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 tí náírà ti dé ni owó ẹyọ wa ti di aláìníhò. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ sì kó owó ẹyọ tuntun jáde ní ọdún 2007, tí iye rẹ̀ jẹ́ 50 kọ́bọ̀, 1 náírà àti 2 náírà, kò pẹ́ tí ọjà fi kọ̀ wọ́n. Ohun tí ọjà bá kọ̀, ọmọdé ni í gbà á. Owó tí kò lè ra gúgúrú mọ́ ti di ohun ìṣeré nínú ilé wa, a sì ń wò ó.

Síbẹ̀, kì í ṣe owó ẹyọ ni ó mú wa gbé gègé lónìí. Òkúta bátìrì pẹlẹbẹ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó rí roboto, ó ń dán bí fàdákà tuntun, kò sì tó èékánná àtàǹpàkò ní ìbú púpọ̀. Inú rìmóòtù ọkọ̀ ni ó wà, inú aago ọwọ́, inú ẹ̀rọ ìṣírò, inú tọ́ọ̀ṣì kékeré tí a ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́, inú òṣùwọ̀n kékeré, inú ìwé ìkíni tí ń kọrin bí a bá ti ṣí i, àti inú ìṣeré tí ń tàn yinrinyinrin tí a ń rà fún ọmọ ní ọjọ́ ọdún. Ṣakí kò jìnnà sí ibodè Olómìnira Benin, ọjà rẹ̀ sì gba ohun gbogbo. Ìṣeré tí a bá rà níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ìdérí ibi tí òkúta wà kò ní ìdè kankan. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òkúta yóò yọ jáde. Èyí tí ó burú jù lọ ni èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ fóltì 3, nítorí pé ó fẹ̀ tó láti há sí ọ̀nà oúnjẹ ọmọ kékeré, ó sì ní iná tó láti ṣe ibi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oró inú òkúta náà ni ó ń jò sí ọmọ lára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní pàtàkì. Ẹ gbọ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí òkúta bá há, ẹran ara tí ó tutù fi ara kan ojú rẹ̀ méjèèjì, iná a sì máa gba inú itọ́ àti omi ara kọjá láti ojú kan sí èkejì. Ní ojú kan nínú méjèèjì, iná yìí a máa sọ omi àti iyọ̀ inú ara di sódà. Sódà tí a ń wí yìí kì í ṣe ohun àjèjì. Òun kan náà ni àwọn ìyá wa fi ń po ọṣẹ, tí wọn kì í jẹ́ kí ó kan ọwọ́ wọn. Òkúta tí ọmọ gbé mì ń ṣe sódà nínú ọ̀fun ọmọ, kò sì ní í dẹ́kun títí a ó fi yọ ọ́. Wákàtí 2 tó fún un láti jó ara dé ìsàlẹ̀. Òkúta tí a ti ju nù nítorí pé kò lè gbé aago mọ́ ṣì ní iná tí ó tó fún iṣẹ́ búburú yìí.

Ohun tí ó ń kẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ọ̀nà oúnjẹ lè lu, kí ohun tí ọmọ ń jẹ máa dà sínú àyà. Ó lè lu wọ ọ̀nà èémí, kí omi tí ọmọ mu di ikọ́ àti òtútù àyà. Ó lè pa iṣan tí ń mú ohùn jáde. Èyí tí ó ń ya àwọn dókítà pàápàá lẹ́nu ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó wà nítòsí lè já ní ọjọ́ púpọ̀, àní ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn tí a ti yọ òkúta náà kúrò, tí ilé ti rò pé ewu ti rékọjá. Bí ọmọ bá sì yè, àpá tí ó bò lójú egbò a máa fún ọ̀nà oúnjẹ pọ̀, a ó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn léraléra kí wọ́n lè máa fẹ̀ ẹ́, kí ó lè gbé ẹ̀kọ mì bí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn dókítà ilẹ̀ Nàìjíríà mọ irú egbò yìí tipẹ́, kí òkúta pẹlẹbẹ tó dé, nítorí pé sódà ọṣẹ gan-an ni ó ti ń ṣe é. Àwọn tí ń po ọṣẹ a máa bu sódà sínú kọ́ọ̀bù tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọn a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọmọ tí òǹgbẹ ń gbẹ a sì rò pé omi ni. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bí a bá rí àgbàlagbà tí ó fi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbé sódà sílẹ̀, ta ni kí a bá wí?

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó fi ayé rẹ̀ jà fún ọ̀ràn yìí. Dókítà Chevalier Jackson ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1865, ó sì kú ní ọdún 1958. Òun ni ó sọ lílo ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná lórí di iṣẹ́ tí a lè gbọ́kàn lé, tí a fi ń wo inú ọ̀fun, tí a sì fi ń fa ohun tí ó há jáde láìfi abẹ la ara. Ohun tí ó yọ, kò jù ú nù: owó, pín-ìnnì, egungun, kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnnì. Wọ́n tó 2,374, wọ́n sì wà títí di òní ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mütter ní ìlú Philadelphia, nínú àpótí onídúróà, bí ìgbà tí ènìyàn to ẹrù ọjà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe yíyọ tí ó ń yọ ọ́ ni ó mú wa fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. Ó rí àwọn ọmọ tí sódà ti pa ọ̀fun wọn dé, tí wọ́n ń kú lọ nítorí ebi. Ó mọ̀ pé bí òun bá tún ọ̀fun ọgọ́rùn-ún ọmọ ṣe, ọgọ́rùn-ún mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gba ilé aṣòfin lọ, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ààrẹ Calvin Coolidge fi fi ọwọ́ sí òfin ní oṣù kẹta ọdún 1927 pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta sódà àti irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára agolo gàdàgbà pé májèlé ni, kí ó sì kọ ohun tí a ó ṣe bí ẹnìkan bá gbé e mì. Ẹ lọ sí ọjà Ìṣẹ́yìn kí ẹ ra sódà lónìí, kí ẹ wo bí wọn yóò ti dì í fún yín: nínú ọ̀rá, láìsí àkọlé kankan.

A ti sọ wákàtí 2. Kí a wá gbé e lé orí ọ̀nà. Láti Ṣakí dé Ìbàdàn ju kìlómítà 150 lọ. Ìbàdàn ni UCH wà, ilé ìwòsàn ńlá tí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1957. Ẹni tí ó bá wà ní Kìṣí tàbí Ìgbòho lè gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti LAUTECH. Ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé parí ọ̀nà Mónìyà sí Ìṣẹ́yìn, tí ó jẹ́ kìlómítà 65, ẹni tí ó bá sì ti rìn ín rí kí wọ́n tó ṣe é kò ní í kọ̀ láti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè. Ọmọ kan gbé òkúta mì ní abúlé kan lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ̀dú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ wà ní oko, àbúrò tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó ń ṣọ́ ọ. Agogo mélòó ni ìyá yóò gbọ́? Agogo mélòó ni ọ̀kadà yóò dé Ṣakí? Bí wọn kò bá rí ẹ̀rọ àwòrán tí ń ṣiṣẹ́ ní Ṣakí, agogo mélòó ni wọn yóò dé Ìbàdàn? Ọ̀nà dáradára kò lè sọ ìrìn gbogbo ìyẹn di wákàtí 2. Dókítà ni ó yẹ kí ó súnmọ́ ọmọ.

Ilé ìwòsàn wà ní Òkè-Ògùn. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń tọ́jú aláìsàn ní Ṣakí láti ìgbà pípẹ́ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Ṣakí àti ní Ìṣẹ́yìn. Ohun tí a ń béèrè kò tó ilé tuntun. A fẹ́ ẹ̀rọ àwòrán kan tí ń ṣiṣẹ́ ní òru àti ní ọ̀sán ní ìlú méjèèjì, kí wọ́n fi iná oòrùn gbé e, nítorí pé oòrùn ni ohun kan tí Òkè-Ògùn kò tíì fi ìgbà kan ṣaláìní. A fẹ́ ẹni tí ó mọ àwòrán kà. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti jọ lọ, nítorí pé òkúta pẹlẹbẹ àti owó ẹyọ jọra nínú àwòrán; ẹni tí ń kánjú yóò wí pé owó ni, yóò ní kí wọ́n máa lọ sí ilé kí wọ́n máa wo ìgbẹ́ ọmọ. Ẹni tí ó kọ́ ọ yóò rí i pé etí òkúta ní ilà roboto méjì, ọ̀kan nínú èkejì, yóò sì mọ̀ pé kò sí ìṣẹ́jú kan láti fi ṣòfò. A sì fẹ́ dókítà kan, ó kéré tán, tí ó lè lo ọ̀pá oníná náà, pẹ̀lú ẹni tí yóò fún ọmọ ní oògùn oorun tí yóò sì jí i padà.

Oyin wà lọ́wọ́ wa kí ìyẹn tó dé. Ní ọdún 2018 àwọn oníṣègùn kan, tí àwọn ará Philadelphia kan náà wà nínú wọn, tẹ ìwé jáde lórí ìwádìí tí wọ́n fi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, wọ́n sì rí i pé oyin máa ń dín agbára sódà tí òkúta ń ṣe kù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba àwọn òbí níyànjú pé bí ọmọ tí ó ti ju ọdún kan lọ bá gbé òkúta pẹlẹbẹ mì, tí kò sì tíì ju wákàtí 12 lọ, tí ó sì lè gbé ohun olómi mì, kí wọ́n fún un ní ṣíbí tíì 2 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, títí dé ìgbà 6, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà ni a wí. Oyin kì í yọ òkúta. Ẹni tí kò bá ní oyin nínú ilé kò gbọ́dọ̀ dúró wá a kiri. Ọmọ tí kò pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ tọ́ oyin wò rárá, nítorí àrùn mìíràn tí ó lè wà nínú rẹ̀ fún ọmọ ọwọ́.

Òòfà náà ń bẹ. Ẹyọ kan lè gba inú ikùn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Méjì a máa fa ara wọn, ọ̀kan nínú ìfun kan, èkejì nínú ìfun kejì, wọn a sì fún ara tí ó wà láàárín wọn pọ̀ títí yóò fi lu. Iṣẹ́ abẹ ni òpin rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a fẹ́ yí ojú sí wàyí, nítorí pé ohun tí ó ń gba ọ̀nà èémí lọ ni ó súnmọ́ yín jù lọ. Ilẹ̀ wa ń gbin ẹ̀pà, kò sì sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò ní eyín ìgbẹ̀yìn tí ó tó láti lọ ẹ̀pà kúnná. Bí ó bá ń sáré tàbí tí ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu, hóró kan lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Yóò wú kókó, yóò fún, yóò sì dáké. Òun nìyẹn tí ó fi ń tan ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀pà náà yóò rin omi, yóò wú, ikọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò ní ikọ́ fée ni, wọn yóò ní òtútù àyà ni, wọn yóò máa ra oògùn lóṣù lóṣù, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè pé, ǹjẹ́ ọmọ yìí fún ẹ̀pà sí ọ̀nà ọ̀fun ní ọjọ́ kan rí? Béèrè yìí nìkan lè gba ọmọ là. Ní ti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin wa tí ń lo híjáàbù, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Íjíbítì àti ní Tọ́kì pé pín-ìnnì tí wọ́n ń fi eyín dì mú nígbà tí wọ́n ń wé orí a máa já wọ ọ̀nà èémí bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tàbí tí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ náà ní àṣà yìí. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu olùkọ́ tàbí ààfáà ilé kéú tó láti mú un kúrò.

Bí ọmọ bá fún lójú yín, tí kò lè húkọ́, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wá ohun tí ojú yín kò rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní àárín èjìká lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì yí i ká, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sí òkè ìdodo, kí ẹ sì fà á wọlé àti sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ tún padà sí ẹ̀yìn. Ọmọ tí kò pé ọdún kan, àyà rẹ̀ ni a ó fi ìka méjì tẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fún ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ń húkọ́ dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó húkọ́. Ìdajì wákàtí ni a ó fi kọ́ èyí níwájú gbogbo olùkọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọlé fún sáà tuntun.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ibà ń pa ọmọ ju òkúta bátìrì lọ, pé kí ilé ìwòsàn Òkè-Ògùn kọ́kọ́ ní oògùn ibà ná. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwòrán tí ó rí òkúta ni yóò rí egungun ọlọ́kadà tí ó ṣẹ́ àti ikọ́ ife tí ó wà nínú àyà àgbàlagbà. Iná tí yóò gbé ẹ̀rọ náà ni yóò mú abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù. Kò sí ohun kan nínú ohun tí a béèrè tí ó jẹ́ ti ọmọ tí ó gbé nǹkan mì nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, láìka èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀ sí, ẹ rántí pé ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 náà ni ó ṣètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ní ọdún 1979, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN fi wá ìbò. Àwọn ìlérí wọ̀nyẹn mú àwọn ènìyàn jáde dìbò nítorí pé wọ́n ṣeé fi ọwọ́ kàn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Irẹ́pọ̀. Bí olóṣèlú bá tún gbé ìrẹsì àti aṣọ wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ gbà á bí ẹ bá fẹ́, a kò ní í purọ́ pé ebi kò sí, ṣùgbọ́n kí ẹ bi í lójú gbogbo ènìyàn pé, ẹ̀rọ àwòrán ilé ìwòsàn wa, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ní òru?

Ìjọba Àpapọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ Australia ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin lórí òkúta pẹlẹbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọmọbìnrin ọdún kan ààbọ̀ kan pè é, ará Texas, tí òkúta rìmóòtù pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí ìyá rẹ̀ kò sì dákẹ́. Òfin náà ní kí ibi tí òkúta wà nínú ohun èlò má ṣe ṣeé ṣí fún ọmọdé, kí wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sí i lára. Ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ojúlówó ọjà, èyí tí a ń pè ní SON, ti wà ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1971. Ìṣeré tí Australia àti Amẹ́ríkà kò gbà mọ́ yóò wá ibòmíràn lọ, a kò sì fẹ́ kí ibi tí yóò lọ jẹ́ ọjà Ṣakí.

Ní ti àwa, a fẹ́ ṣe èyí tí agbára ìwé ìròhìn mọ. A ń bẹ àwọn olùkọ́ ní gbogbo ìlú Òkè-Ògùn kí wọ́n kọ̀wé sí wa, kí wọ́n wí fún wa ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, bí ó ti jìnnà tó, bóyá ẹ̀rọ àwòrán wà níbẹ̀, àti agogo tí ẹni tí ń lò ó máa ń lọ sí ilé. Kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ aláìsàn kankan sínú rẹ̀. A ó to ìdáhùn wọn bí ìlú ti tò, láti Adó-Àwáyè dé Kìṣí, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé yìí gan-an, kí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera lè kà á pẹ̀lú wa.